Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Land Rover Àtijọ́ Tó Ti Pẹ́ Nílẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra Land Rover Series III kan, ti ọdún 1978, ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù. Ó ti pẹ́ lórí búlọ́ọ̀kù nínú oko, àmọ́ ara rẹ̀ kò dógùn-ún rárá. Ṣé ẹ́ńjìnnì ni kí n kọ́kọ́ tú, àbí kí n kùn ún lọ́dà ná? (Òǹkàwé, Ìsẹ́yìn)

Ẹ jẹ́ kí méjèèjì dúró ná. Ara tí kò dógùn-ún yẹn kò jẹ́rìí sí nǹkan kan, aluminíọ̀mù ni. Ìsàlẹ̀ ni irin wà: ṣásí (egungun irin tó gbé gbogbo ọkọ̀), àti ògiri irin tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ awakọ̀. Inú ṣásí ṣófo. Omi àti ẹrẹ̀ á wọlé, wọn á jókòó síbẹ̀, irin á sì máa jẹ láti inú bọ̀ wá sóde. Kí ojú tó rí i, ó ti jẹ jìnnà. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ẹ mú òòlù kékeré, ẹ máa fi gbá ṣásí láti iwájú dé ẹ̀yìn. Irin tó le á dún ketekete. Èyí tó ti jẹ á dún bọ̀ǹtì, òòlù tiẹ̀ lè lù ú já. Ẹ fara balẹ̀ níbi irin ìdábùú ẹ̀yìn tí wọ́n ń so tírélà mọ́, níbi tí sípíríǹgì ti so mọ́ ṣásí, àti níbi tí awakọ̀ ń gbẹ́sẹ̀ lé. Wẹ́dà tó bá ní òun á kàn lẹ páànù bo ihò, ẹ wá ẹlòmíì. Ṣe ni kó gé e títí dé ibi tí irin ti mọ́, kó fi irin oní-mìlímítà 2 dí i. Kó tó tan iná, ẹ tú wáyà bátìrì àti ti ọ́tánétọ̀, ẹ sọ táǹkì epo kalẹ̀. Tó bá parí, ẹ fọ́n ọ́ìlì tàbí wáàsì sínú ṣásí láti àwọn ihò tó wà lára rẹ̀. Níbi tí irin bá ti kan aluminíọ̀mù, ẹ fi rọ́bà tàbí ọ̀dà sáàárín wọn, torí pé àwọn méjèèjì kì í bá ara wọn gbé: aluminíọ̀mù á máa di ìyẹ̀fun funfun.

Ẹ má fi sípánà mìlímítà tú bóòtì rẹ̀ o. Oní-íǹsì ló pọ̀ jù níbẹ̀. Sípánà 13 á wọ nọ́ọ̀tì ìdajì íǹsì, á dà bíi pé ó ṣe déédéé, àmọ́ àyè díẹ̀ tó ṣẹ́kù yẹn ló máa ń jẹ orí nọ́ọ̀tì títí á fi di róbótó.

Lẹ́yìn èyí ló wá kan ẹ́ńjìnnì. Ẹ yọ pílọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ da ṣíbí ọ́ìlì kọ̀ọ̀kan sínú ihò wọn, kó sùn bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó fi bátìrì yí i. Ẹ da epo àtijọ́ nù. Sọ́ńpù (àwo ọ́ìlì tó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì) gba ọ́ìlì lítà 6.25, fílítà gba bíi 0.85 lé e. Àyè tápẹ́ẹ̀tì (ibi tí wọ́n ti ń tì fáàfù) gbogbo jẹ́ mìlímítà 0.25, àyè ẹnu kọ́ńtáàtì inú dísíríbútọ̀ jẹ́ 0.35 sí 0.40, bí pílọ́ọ̀gì ṣe ń tan iná tẹ̀ léra ni 1-3-4-2.

Ọ́ìlì ń jò lára bọ́ọ̀lù irin tó wà lẹ́yìn táyà iwájú. Mo ti pààrọ̀ síìlì (rọ́bà tó ń dá ọ́ìlì dúró), kò dáwọ́ dúró. (Òǹkàwé, Ọ̀yọ́)

Síìlì kọ́ ló ń dá a. Ẹ nu bọ́ọ̀lù yẹn mọ́, kí ẹ fi èékánná wọ́ ojú rẹ̀. Tí èékánná bá ń há, kúróòmù rẹ̀ ti ṣí, ojú rẹ̀ ti ní ihò wẹ́wẹ́, ìyẹn ló sì ń gé ètè síìlì. Tí ihò náà bá kéré, ẹ fi ẹ́pọ́sì dí i, ẹ fi sáńpépà kíkúnná dán an. Tó bá ti pọ̀, ẹ ra bọ́ọ̀lù tuntun pẹ̀lú síìlì.

Gíà ọ́ìlì EP90 ìdajì lítà ni bọ́ọ̀lù ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbà. Ẹ má gbà kí wọ́n di gíríìsì táyà kún un. Gíríìsì líle á fò sí ẹ̀gbẹ́, kò ní ṣàn padà, búùṣì tó wà lókè bọ́ọ̀lù á gbẹ, sítíárì á sì di ohun à ń jà mọ́. Tó bá jẹ́ pé ọ́ìlì ibẹ̀ ń pọ̀ sí i fúnra rẹ̀, láti inú ásù (irin gígùn tó so táyà ọ̀tún àti tòsì pọ̀) ló ti ń wá, síìlì inú ti lọ nìyẹn. Ẹ yẹ ọ́ìlì difíránṣà (gíà inú ásù tó ń pín agbára fún táyà méjèèjì) wò, lítà 1.75 ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Tí mo bá ń kọ kọ́nà lórí títì, táyà máa ń han, sítíárì á sì le. (Òǹkàwé, Ṣakí)

Ẹ wo ọ̀pá tí orí rẹ̀ jẹ́ yẹ́lò. Tó bá wà nílẹ̀, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà. Ọkọ̀ yìí kò ní difíránṣà àárín tó ń jẹ́ kí táyà iwájú àti tẹ̀yìn yí ní ìwọ̀n tó yàtọ̀, torí náà iwájú àti ẹ̀yìn á máa bá ara wọn fa wàhálà lórí ọ̀dà títì. Inú ẹrẹ̀ àti yanrìn nìkan ni ẹ máa lò ó. Láti tú u, ẹ dá ọkọ̀ dúró pátápátá, ẹ fa ọ̀pá tí orí rẹ̀ jẹ́ pupa sẹ́yìn tán, ẹ wá tì í padà síwájú; yẹ́lò á ta sókè fúnra rẹ̀. Tí kò bá ta, sípíríǹgì tó wà lára ọ̀pá rẹ̀ ló ti dógùn-ún tàbí tó ti kán. Ẹ fọ̀ ọ́ mọ́, ẹ kán ọ́ìlì sí i, kí ẹ tún un gbìyànjú.