Ṣé kí n to ẹ̀rọ smart tí àbúrò mi fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà sílé, àbí kí n tà á?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin oníṣẹ́ iná. Àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Houston kó páálí kan ránṣẹ́ sí wa n'Íbàdàn. Gílóòbù smart mẹ́rin ló wà níbẹ̀, púlọ́ọ̀gì smart méjì, kámẹ́rà kan, kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn tí wọ́n ń fi fóònù ṣí, àti sípíkà kékeré tó máa ń dáni lóhùn. Ó ní ká tò wọ́n sílé nítorí Màmá wa, ẹni ọdún 78, tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ọkọ mi ní wọ́n máa jẹ dátà wa tán, pé wọ́n á máa gbọ́ gbogbo ohun tí a bá ń sọ, àti pé lọ́jọ́ tí NEPA bá mú iná lọ, ilẹ̀kùn á tì mọ́ wa. Màmá ní àwọn ò fẹ́ ohun tí yóò máa dá sọ̀rọ̀ nínú ilé. Ṣé kí n tò wọ́n ni, àbí kí n tà wọ́n?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ìyá, mà. Ohun tí ọkọ yín ò mẹ́nu bà ló ń bà mí lẹ́rù jù nínú lẹ́tà yín. Kí ẹ tó de ẹyọ kan nínú gílóòbù yẹn, ẹ dákun, ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sí ara rẹ̀.

Iná Amẹ́ríkà jẹ́ fólítì 120, tiwa níbí jẹ́ 230. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ohun tí wọ́n bá ti pè ní smart, yóò dá irú iná tó ń bọ̀ mọ̀, yóò sì bá a mu. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Gílóòbù yẹn, iná LED lásán ni, tí wọ́n fi rédíò kékeré kan sí nínú kó lè máa gbọ́ ohun tí fóònù bá sọ fún un. Tó bá jẹ́ 120V nìkan ni wọ́n kọ sí i, iná wa á jó o. Mo bá irú rẹ̀ nílé kan ní Bódìjà, wọ́n de mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí èyí tó lo wákàtí kan nínú wọn, ọ̀kan sì ti yọ́ ẹnu hóódà tó wà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni púlọ́ọ̀gì yẹn. Ẹnu rẹ̀ kò tiẹ̀ ní wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì yín, ẹni kan á sì sọ pé kí ẹ lọ ra adápítà. Ẹnu púlọ́ọ̀gì ni adápítà ń yí padà, kì í yí iná padà. Ẹ má ṣe é. Ti kámẹ́rà àti sípíkà yàtọ̀, nítorí ṣájà ni wọ́n ń lò. Tí ẹ bá rí 100-240V lára ṣájà náà, kò séwu, adápítà ẹnu nìkan ló kù.

Ní ti ilẹ̀kùn tí yóò tì mọ́ yín, ẹ fi ọkàn ọkọ yín balẹ̀. Bátìrì kéékèèké, irú èyí tí a ń kì bọ rìmóòtù, ni ọ̀pọ̀ jù lọ kọ́kọ́rọ́ wọ̀nyí ń lò, NEPA ò sì kàn wọ́n. Bátìrì náà máa ń lo oṣù mélòó kan, kọ́kọ́rọ́ á sì ké gbàjarè tó bá ń kú lọ. Láti inú ilé, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń yí i ṣí. Àwọn mìíràn ní ojú ihò fún kọ́kọ́rọ́ onírin, àwọn mìíràn sì ní ibi tí ẹ lè fi bátìrì fólítì 9 kàn níta kó tún jí. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ilẹ̀kùn Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe é fún, èyí tí wọ́n dá ihò ńlá tó tó mílímítà 54 sí lójú. Ilẹ̀kùn tiwa, inú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n máa ń ri kọ́kọ́rọ́ mọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tìtorí rẹ̀ lu ilẹ̀kùn onírin yín.

Ibi tí NEPA ti kàn yín gan-an ni gílóòbù, tí ẹ bá ra èyí tó bá iná wa mu níbí. Tí wọ́n bá mú iná dé ní aago méjì òru, ọ̀pọ̀ nínú wọn á tàn fòò lẹ́ẹ̀kan náà, títí kan ti yàrá Màmá. Nínú áàpù, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń sọ ohun tí gílóòbù yóò ṣe nígbà tí iná bá dé, kí ẹ ní kó padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ìkejì, tí Màmá bá ti fi ọwọ́ pa súwíìṣì ara ògiri, fóònù ò lè rí gílóòbù náà mọ́, nítorí iná ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọn á sì máa pa á, ohun tí wọ́n ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́ ni. Lójú tèmi, súwíìṣì smart ló dára fún ilé tí àgbàlagbà wà, torí ọwọ́ á ṣì máa tẹ̀ ẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Àmọ́ kí ẹ tó rà á, ẹ ní kí oníṣẹ́ iná yín tú súwíìṣì ògiri wò bóyá wáyà níútírà, ìyẹn wáyà tí iná ń gbà padà, dé ibẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, kì í dé ibẹ̀, ẹ ó sì ní láti béèrè irú èyí tí kò nílò rẹ̀.

Ráútà tàbí MiFi yín, orí ínfátà ni kó wà. Nínú ìgbì méjì tí ráútà sábà máa ń lò, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyí kì í rí Wi-Fi 5GHz, 2.4GHz ni wọ́n mọ̀. Tí kámẹ́rà bá kọ̀ láti wọlé, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti dátà. Gílóòbù ò jẹ nǹkan kan, ọ̀rọ̀ kúkúrú ló ń gbà. Kámẹ́rà ló ń jẹun. Kámẹ́rà tó bá ń fi mégábíìtì kan ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 1Mbps, á lo nǹkan bíi 450MB ní wákàtí kan, ó sì lé ní 10GB láàárín ọjọ́ kan. Ẹ fi mẹ́mòrì káàdì sí i, kó máa gbà á sílẹ̀ síbẹ̀ nìkan, kó sì jẹ́ ìgbà tí nǹkan bá mira nìkan. Ìgbà tí ẹ bá ṣí i lórí fóònù níta ni dátà á máa lọ.

Lórí pé wọ́n ń gbọ́ wa, ọkọ yín kò ṣìnà pátápátá. Gílóòbù àti púlọ́ọ̀gì kò ní etí. Sípíkà ní, ọ̀pọ̀ kámẹ́rà náà sì ní. Ní ti sípíkà, orúkọ rẹ̀ ló ń dúró dè. Tó bá ti gbọ́ ọ, tàbí tó bá ṣèèṣì rò pé òun gbọ́ ọ, yóò fi ọ̀rọ̀ tó bá tẹ̀ lé e ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tó ni ín. Lọ́dún 2019, ó hàn sí gbogbo ayé pé Amazon ní àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fetí sí díẹ̀ nínú ohùn tí Alexa, ìyẹn ohun tó ń dáni lóhùn nínú sípíkà wọn, gbà sílẹ̀. Lọ́dún 2023, wọ́n gbà láti san mílíọ̀nù 25 dọ́là lórí ẹ̀sùn tí ìjọba Amẹ́ríkà fi kàn wọ́n nítorí ohùn àwọn ọmọdé tí wọ́n tọ́jú. Nítorí náà, ẹ gba ti Màmá. Ẹ fi sípíkà sílẹ̀ nínú páálí, kámẹ́rà ò nílò rẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́.

Kámẹ́rà ni kí ẹ ṣọ́ jù. Lọ́dún 2016, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Mirai wọ inú kámẹ́rà àti ráútà kiri ayé. Ọ̀rọ̀ aṣínà tí wọ́n bá ẹ̀rọ náà wá láti ilé iṣẹ́, tí ẹni tó rà á ò pààrọ̀, ló fi wọlé. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, wọ́n fi àwọn ẹ̀rọ yẹn kọlu Dyn, ilé iṣẹ́ tó ń júwe ọ̀nà ojúlé íńtánẹ́ẹ̀tì fún kọ̀ǹpútà, Twitter àti Netflix sì di ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò lè ṣí. Àwọn tó ni kámẹ́rà ò mọ nǹkan kan. Ẹ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an. Kí ẹ sì bi àbúrò yín bóyá ó ti so ó mọ́ fóònù tirẹ̀ kó tó fi ránṣẹ́.

Ibi tí ẹ máa gbé e sí, ẹ bi Màmá. Mi ò ní gbà kí wọ́n gbé e sí yàrá ìyá mi láéláé. Ìyá tó ń pààrọ̀ aṣọ kò yẹ kó wà lójú fóònù ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe ọmọ bíbí inú rẹ̀. Ẹnu géètì tàbí pálọ̀ dára, kí Màmá fúnra wọn sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ẹ ti bi mí bóyá kí ẹ tà wọ́n. Ẹ má ta gílóòbù àti púlọ́ọ̀gì 120V yẹn fún ẹnikẹ́ni níbí, nítorí ẹni tó bá rà á á lọ dè é sílé rẹ̀. Ẹ tọ́jú wọn de ẹni tó bá ń padà lọ sí Houston.