Iná Ẹ́ńjìnì Ń Tàn Lórí Dáṣíbọ́ọ̀dù: Ẹ Má Tíì Ra Nǹkan Kan

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Corolla 2005 tókunbọ̀ ni mò ń wà, iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe. Iná ẹ́ńjìnì aláwọ̀ yẹ́lò yẹn ti tàn láti bí oṣù méjì, mọ́tò náà ṣì ń rìn o, àmọ́ tí mo bá ti dúró nínú súnkẹrẹ fàkẹrẹ ó máa ń gbọ̀n, ó dẹ̀ ń jẹpo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mẹkáníìkì mi ti pààrọ̀ plọ́ọ̀gì, iná ò lọ. Ó yọ orí bátìrì, iná lọ, nígbà tó di ọjọ́ kẹta ó tún dé. Ní báyìí ó ní brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà inú mọ́tò, ló bàjẹ́, kí n lọ wá ₦85,000. Réwáyà kan tún ní òun lè bá mi yọ gílóòbù iná náà kó yéé dà mí láàmú. Kí ni kí n ṣe sà?
Ìyá Tolú, Ògbómọ̀ṣọ́

ÌDÁHÙN: Ìyá Tolú, ẹ kú ìfaradà. Ẹ má tíì mú owó yẹn jáde rárá, ẹ má dẹ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ gílóòbù yẹn, ẹ jọ̀ọ́, torí ọjọ́ tí nǹkan gidi bá ṣẹlẹ̀ sí ẹ́ńjìnì yẹn, kò ní sí ohun tó máa ta yín lólobó.

Kò sẹ́ni tó lè fojú lásán wo iná yẹn kó ní brain box ni. Ohun tó ń sọ ni pé kọ̀ǹpútà inú mọ́tò ti rí nǹkan tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó dẹ̀ ti kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Nọ́ńbà yẹn la máa kọ́kọ́ kà. Nígbà tí wọ́n yọ orí bátìrì, àìsàn ò lọ o, ìwé tí dókítà fẹ́ kà ni wọ́n fà ya, ìyẹn ni iná fi padà dé lọ́jọ́ kẹta.

Láti ọdún 1996 ni Amẹ́ríkà ti fi dandan lé e pé gbogbo mọ́tò kékeré tuntun tí wọ́n bá ń tà lọ́dọ̀ wọn gbọ́dọ̀ ní ojú OBD2, ìyẹn ihò tí wọ́n ti ń ka nọ́ńbà yẹn, ọ̀dọ̀ wọn dẹ̀ ni ọ̀pọ̀ tókunbọ̀ wa ti ń wá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù lápá ibi tí ẹsẹ̀ yín wà, ẹ máa rí ihò pẹlẹbẹ kan tó ní ojú 16. Ẹ ra síkánà kékeré tí wọ́n ń pè ní ELM327, èyí tó ń lo Bluetooth, owó rẹ̀ ò sún mọ́ owó brain box rárá (tó bá jẹ́ iPhone lẹ ń lò, ti Wi-Fi ni kẹ́ ẹ rà, torí ọ̀pọ̀ Bluetooth olówó pọ́ọ́kú yẹn kì í bá iPhone ṣiṣẹ́). Ẹ ti síkánà náà bọ ihò yẹn, ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ láì stáàtì, ẹ wa áàpù OBD2 sórí fóònù, kẹ́ ẹ sì kọ nọ́ńbà tó bá gbé jáde sínú ìwé kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Pẹ̀lú gbígbọ̀n tẹ́ ẹ sọ yẹn, P0171 ni ọkàn mi lọ sí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ tó wọnú ẹ́ńjìnì pọ̀ ju epo lọ. Àmọ́ ẹ gbọ́ o, nọ́ńbà ń sọ àdúgbò tí wàhálà wà ni, kò sọ ilé. Èmi náà ti rí P0171 lórí mọ́tò mi rí, wọ́n ní oxygen sensor (sẹ́ńsọ̀ inú páìpù èéfín) ni, mo rà á, iná tún tàn, àṣé họ́ọ̀sì rọ́bà kékeré kan ló ti là lẹ́yìn ẹ́ńjìnì. Ó dùn mí gan-an, torí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni à bá fi mọ̀.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ nìyí. Ẹ stáàtì mọ́tò kó gbóná dáadáa, ẹ ṣí ibi tí áàpù kọ fuel trim sí, ìyẹn iye epo tí kọ̀ǹpútà ń fi kún un tàbí tó ń dín kù. Tó bá wà ní bíi +20 nígbà tí mọ́tò dúró, tẹ́ ẹ wá tẹ iná dé 2,500 RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) tó sì já wálẹ̀ sún mọ́ òdo, afẹ́fẹ́ ń jò wọlé níbì kan nìyẹn: họ́ọ̀sì tó là, tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì intake (ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọnú ẹ́ńjìnì), èyí tí irú Corolla yín yìí mọ̀ dáadáa. Ẹ fetí sílẹ̀ bóyá nǹkan ń ṣe ṣííì. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé bẹ́ ẹ ṣe ń tẹná ló ń lọ sókè, sẹ́ńsọ̀ MAF, tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, ló dọ̀tí tàbí kí pọ́ǹpù epo ti ń rẹ̀ ẹ́. MAF yẹn wà lórí páìpù lẹ́yìn fílítà afẹ́fẹ́, síkúrúù méjì ló dè é. Ẹ pa mọ́tò, ẹ yọ ọ́, MAF cleaner nìkan ni kẹ́ ẹ fọ́n sí i, ẹ má fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́, ẹ má fi ìka kan wáyà tín-ín-rín inú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá kẹ́ ẹ tó dá a padà.

Tó bá jẹ́ P0455 tàbí P0442 lẹ rí, oru epo ló ń jò jáde, ẹ kọ́kọ́ wo ìdérí táǹkì epo, ẹ dé e títí tó fi máa dún, lẹ́yìn náà ẹ fún un ní ọjọ́ díẹ̀, iná kì í lọ lójú ẹsẹ̀. Tó bá jẹ́ P0420, catalyst (ohun tó ń fọ èéfín mọ́ nínú páìpù abẹ́ mọ́tò) ni ọ̀rọ̀ kàn, ẹ yẹ abẹ́ mọ́tò wò kẹ́ ẹ tó ra sẹ́ńsọ̀ kankan, torí ọ̀pọ̀ mọ́tò ni wọ́n ti gé catalyst rẹ̀ tà láìjẹ́ pé olówó mọ̀, ohun tó máa ń bí mi nínú jù nídìí iṣẹ́ yìí nìyẹn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, Camry 2007 onípísìtìnnì mẹ́rin ni mo fi ń ṣe kabúkabú ní Ìkòròdú. Iná tèmi ò dúró sójú kan, ó ń ṣẹ́jú tí mo bá ń gun òkè, mọ́tò á máa já. Ṣé mo lè máa ṣiṣẹ́ lọ?
Sọjí

ÌDÁHÙN: Rárá o, Sọjí. Èyí tó dúró sójú kan lèèyàn lè fi sùúrù tọ́jú, èyí tó ń ṣẹ́jú ń sọ pé iná ò jó nínú písìtìnnì kan, epo tí kò jó ń lọ sínú catalyst, ó ń sun ún. Páàkì mọ́tò yẹn lónìí. Ka nọ́ńbà: tó bá jẹ́ P0302, písìtìnnì kejì nìyẹn, apá ibi tí bẹ́ẹ̀tì wà lo ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Jẹ́ kí ẹ́ńjìnì tutù, fi sípánà 10 tú kọ́ìlì kejì (kọ́ìlì ló ń fún plọ́ọ̀gì ní iná), gbé e sórí ẹ̀kẹta, kí o gbé ti ẹ̀kẹta sórí ẹ̀kejì, pa nọ́ńbà yẹn rẹ́ pẹ̀lú áàpù, kí o wá stáàtì ẹ̀ níbi tó wà. Tó bá di P0303, kọ́ìlì yẹn ló bàjẹ́, ẹyọ kan náà ni kí o rà, má jẹ́ kí wọ́n ta mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún ẹ. Tó bá ṣì jẹ́ P0302, ṣe bẹ́ẹ̀ fún plọ́ọ̀gì. Tí kò bá kúrò níbẹ̀ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti dé ìdí injector (tó ń fọ́n epo) tàbí compression (agbára tí písìtìnnì fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀) nìyẹn, ìgbà yẹn ni kí o wá pe mẹkáníìkì, kí o sì sọ gbogbo ohun tí o ti gbé kiri fún un.