Èsì: Ọkọ̀ iṣẹ́ àti ọkọ̀ fàájì ní Dubai

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ojú ooru. Ẹ ní láti ìgbà tẹ́ ẹ ti kúrò l'Ákúrẹ́ dé Dubai, Mustang, ọkọ̀ eré Ford tó sún mọ́lẹ̀ yẹn, ló ń wù yín, àmọ́ ẹ tún fẹ́ máa wọ aṣálẹ̀. Prado àlòkù, jíìpù Toyota, ni kí ẹ rà, èyí tó jẹ́ GCC, ìyẹn irú tí wọ́n ṣe fún àwọn orílẹ̀-èdè Gulf bíi Dubai níbẹ̀. Bó bá jẹ́ títì nìkan lẹ máa rìn ṣá, ẹ ra Mustang yín kẹ́ ẹ jayé.

GCC yẹn ṣe kókó. Ooru ibẹ̀ ni wọ́n ṣe rédíétọ̀ àti AC rẹ̀ fún. Èyí tó ti Amẹ́ríkà wọlé lè dínwó, àmọ́ púpọ̀ nínú wọn ló ti ní jàǹbá rí. Àwa tá à ń ra tòkúnbọ̀ nílé mọ irú rẹ̀: ọ̀dà tuntun, férémù wíwọ́.

Kẹ́ ẹ tó sanwó:

1. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà. Ẹ máa rí ìlà kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà DOT; nọ́ńbà mẹ́rin tó parí rẹ̀ ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe táyà náà. 2319 jẹ́ ọ̀sẹ̀ 23, ọdún 2019. Ó ti gbó nìyẹn, bó ti wù kó máa dán tó.

2. Ẹ tan AC lọ́sàn-án gangan, kí ọkọ̀ dúró sójú kan. Bí géèjì ooru bá ń gòkè, ẹ bá tiyín lọ.

Nínú iyanrìn, ẹ jo afẹ́fẹ́ táyà wálẹ̀ sí bíi 15 psi (òṣùwọ̀n tó wà lára géèjì táyà) kó lè tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i padà kẹ́ ẹ tó gun títì, torí táyà rírọ̀ máa ń bẹ́ lórí eré. Ẹ má sì dá wọ aṣálẹ̀ o, kí ọkọ̀ kejì wà tó máa fà yín jáde.