Ẹ jẹ́ kí ìpàdé ẹgbẹ́ ọlọ́gbà yín máa wáyé nínú ọgbà

Arábìnrin wa, ẹ kú akitiyan. Ẹ ní ẹgbẹ́ ọlọ́gbà tí ẹ dá sílẹ̀ ládùúgbò ti ń tú, pé àwọn èèyàn kì í padà wá lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo. Ẹ tún béèrè bóyá kí ẹ máa pààrọ̀ irúgbìn, bóyá Sátidé dára fún ìpàdé, àti ẹni tí ẹ lè pè wá sọ̀rọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá wọn darí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ n'Íbàdàn. Ẹ kó ìpàdé kúrò nínú gbọ̀ngàn. Ilé ọmọ ẹgbẹ́ ni kẹ́ ẹ ti máa ṣe é, létí ebè, kí ẹni tí ọ̀gbìn rẹ̀ ń ṣàìsàn fà á tu tegbòtegbò wá. Inú ọ̀rá ni kó gbé e sí o, kí iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ má baà dà sínú ọgbà onílé. Bí ẹ bá ti yẹ̀ ẹ́ wò tán, ẹ sun ún níná.

Ọ̀kan nínú wa gbé ṣọkọ wá báyìí, ewé rẹ̀ ń pọ́n, kò dàgbà. Ó ti da ajílẹ̀ sí i títí. Ẹni tó wá bá wa sọ̀rọ̀ fọ gbòǹgbò rẹ̀ nínú bàkéètì, kókó ló kún un. Aràn tí ojú lásán kò rí ló ń wọ ibẹ̀. Ó wá fa ẹ̀wà kan tu: kókó wà lára tiẹ̀ náà, ṣùgbọ́n èékánná lè ṣí i kúrò, inú rẹ̀ sì pọ́n díẹ̀. Ìyẹn ń ṣe ilẹ̀ lóore. Ti ṣọkọ kì í ṣí, gbòǹgbò fúnra rẹ̀ ló wú. Gbogbo wa la fọwọ́ kàn án. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, àwọn mìíràn ti rí i nínú ọgbà tiwọn, wọ́n sì mọ̀ pé kì í ṣe ilá tàbí tòmátì ló yẹ kó tẹ̀ lé ṣọkọ lórí ebè náà, bí kò ṣe ẹ̀pà.

Pípààrọ̀ irúgbìn náà dára, àmọ́ ẹ má kàn pín in. Irúgbìn ewédú tí kò fojú kan omi gbígbóná kì í hù dáadáa, wọn á sì ní irúgbìn ẹgbẹ́ ti kú. Ẹ gbé omi kaná níbẹ̀, ẹ di irúgbìn sínú aṣọ, ẹ rì í bọ omi tó ń hó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 5, kí ẹ sì yọ ọ́ sínú omi tútù. Ọjọ́ náà ni kí wọ́n gbìn ín.

Sátidé ò burú, bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láago 7 àárọ̀ tí ẹ sì tú ká kí wọ́n tó máa wọ aṣọ ẹbí.

Ní ti ẹni tó máa sọ̀rọ̀, ẹ lè kọ̀wé sí NIHORT, ilé ìwádìí ọ̀gbìn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdí-Ìṣìn n'Íbàdàn láti 1975. Ẹ má sì gbójú fo àwọn ìyá tó ń gbin ẹ̀fọ́ tà létí odò. Ẹni yòówù kẹ́ ẹ pè, ẹ ti sọ ohun tó ń dààmú ọgbà yín fún un ṣáájú, kó lè mú irinṣẹ́ tó yẹ dání.