M1 Carbine tuntun yín tó ń há: ẹ gbé fáìlì yẹn sílẹ̀ ná

Ohun tí ẹ ń rojọ́ rẹ̀ yé mi dáadáa. Àdàkọ M1 Carbine, ìbọn fífúyẹ́ tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà lò, tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ń há lẹ́yìn ọta mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Nígbà mìíràn ìkarahun ọta á dúró ṣánṣán lẹ́nu ibi tó yẹ kó gbà jáde, nígbà mìíràn bóòtù, irin tó ń lọ síwájú sẹ́yìn láti ti ihò ọta pa, kò ní pa dé tán. Ó tún ń dùn yín pé bóòtù kì í dúró sẹ́yìn tí ọta bá tán. Ẹ wá ń bèèrè bóyá kí ẹ fi fáìlì ra ojú ọ̀nà tí ọta ń gbà wọlé, kí ẹ sì gé sípíríǹgì ẹ̀yìn kúrú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Mo ti ṣe méjèèjì rí, oṣù mẹ́jọ ni ìbọn mi fi wà nílẹ̀ láìwúlò.

Kí n kọ́kọ́ mú èyí tí kì í ṣe àrùn kúrò ńbẹ̀. Magasíìnì (àpótí tí ọta ń wà nínú rẹ̀) ọlọ́ta 15 tí wọ́n ṣe fún ìbọn yìí nígbà Ogun Àgbáyé Kejì kò ní ohun tó ń dá bóòtù dúró sẹ́yìn. Ọlọ́ta 30 tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ló ní in. Tí bóòtù bá pa dé lórí ihò òfìfo, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn.

Ní tèmi, sípíríǹgì le lọ́wọ́ mi nígbà tí mo ń fà á, mo bá gé ìká méjì kúrò lára rẹ̀. Ìkarahun bẹ̀rẹ̀ sí í fò jáde, inú mi dùn. Kò tó ogún ọta lẹ́yìn náà tí bóòtù ò fi pa dé mọ́. Sípíríǹgì yẹn ló ń ti ọta tuntun wọ ihò, òun náà ló ń yí bóòtù títí á fi tì. Agbára tí mo gé dànù ni ìbọn nílò láti pa ara rẹ̀ dé. Lọ́jọ́ kan náà, mo ti ra ojú ọ̀nà ọta, mo sì ti pààrọ̀ irú ọta tí mo ń lò. Ohun mẹ́ta lójúmọ́ kan! Mi ò lè mọ èyí tó ba nǹkan jẹ́ mọ́. Àṣẹ̀yìnwá àṣẹ̀yìnbọ̀, magasíìnì kan ló ń dá gbogbo wàhálà náà sílẹ̀.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ yọ magasíìnì, ẹ fa bóòtù sẹ́yìn, ẹ wo inú ihò ọta, kí ẹ tún fi ìka kékeré yẹ̀ ẹ́ wò. Ojú nìkan máa ń tan èèyàn.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ nọ́ńbà sára magasíìnì kọ̀ọ̀kan. Ní gbogbo ìgbà tí ìbọn bá há, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: magasíìnì wo, ọta kelòó, kí ni bóòtù ṣe. Mẹ́rin ni mo ní, nọ́ńbà 3 ni gbogbo híhá mi ti ń wá. Mo gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà 1 lábẹ́ iná, mo wò wọ́n láti òkè: ètè òsì rẹ̀ là díẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ, kò ju sísanra èékánná lọ. Orí ọta wá ń dojú kọ ẹ̀gbẹ́ ihò dípò àárín. Fáìlì mi ti jẹ irin tí kò ṣẹ̀ mí rárá.

Tí magasíìnì bá mọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn, ọ̀rọ̀ kan agbára gáàsì, ìyẹn afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń wá látinú ẹ̀tù tó jó. Písítìnì kékeré tó wà lábẹ́ ihò gáàsì, ọgbọ́n David Marshall Williams, oníṣẹ́ ìbọn ará Amẹ́ríkà, kì í rìn jìnnà. Ó kàn ń gbá ọ̀pá tó ń wa bóòtù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni, ọ̀pá náà á wá fi eré tó ti gbà ṣe gbogbo ìyókù: ṣí bóòtù, fa ìkarahun yọ, ki sípíríǹgì mọ́lẹ̀. Ohunkóhun tó bá ń fa ọ̀pá náà sẹ́yìn lójú ọ̀nà ń jẹ nínú ìgbá kan yẹn. Gíríìsì tí wọ́n fi ń tọ́jú irin nínú páálí lè ṣe é. Ẹ nù ún kúrò pátápátá, kí ẹ kán ọ́ìlì díẹ̀ sí ojú irin tó ń ra irin. Igi ìbọn náà lè ṣe é. Ẹ tú u, ẹ wò ó bóyá ibì kan ń dán níbi tí ọ̀pá ti ń gbo igi. Tèmi ń dán lápá ọ̀tún.

Ẹ má fi ọ́ìlì kan písítìnì o. Èéfín á dì mọ́ ọn bí ọ̀dà. Tí ẹ bá ti yọ ọ̀pá náà, ẹ dorí ìbọn sókè sódò, ẹ máa gbọ́ bí písítìnì ṣe ń kọ kó-kó. Tó bá ń kọ, ẹ fi nọ́ọ̀tì rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ojú bóòtù ni mo fẹ́ kí ẹ farabalẹ̀ sí jù. Ọ̀pá kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń ti ìkarahun sóde. Ẹ fi nǹkan tínrín tẹ̀ ẹ́ wọlé: ó yẹ kó ta padà kíá. Tèmi ń rìn wá bí ẹni tó ń sùn. Nígbà tí mo tú u, idẹ tó ti lọ̀ bí gaàrí ti kún ihò rẹ̀, ó ń dán bíi wúrà. Irinṣẹ́ kan wà tí wọ́n ṣe fún títú bóòtù yìí; ẹ wá a kí ẹ tó tú u, torí sípíríǹgì inú rẹ̀ á fò lọ. Ẹ wẹ èékánná tó ń fa ìkarahun náà, kí ẹ wò ó bóyá ẹnu rẹ̀ ti kán.

Ní ti ọta: orí ọta oníwọ̀n 110 grain (grain ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn orí ọta) ni wọ́n ṣe ìbọn yìí fún. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀ ń tún ìkarahun kì fúnra yín, ẹ wọn gígùn rẹ̀. Ẹnu ìkarahun ló ń dá ọta dúró nínú ihò, kò gbọdọ̀ kọjá íńṣì 1.290. Tó bá gùn jù, bóòtù ò ní pa dé tán. Tí ìró ìbọn bá rẹlẹ̀ lójijì, ẹ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ yẹ inú agba rẹ̀ wò kí ẹ tó yìn òmíràn. Kí awò ojú sì máa wà lójú yín.

Ẹ kó àwọn ìkarahun tó há sọ́tọ̀, ẹ má dà wọ́n pọ̀ mọ́ èyí tó jáde dáadáa. Ẹ ya fọ́tò ìdí àti ẹnu wọn fún mi. Tí etí ìdí bá ya, a ó wo èékánná àti ihò ọta. Tó bá jẹ́ ẹnu ló tẹ̀ wọlé, ìkarahun ń jáde pẹ̀lú agbára tí kò tó, a ó padà sídìí ọ̀pá tó ń wa bóòtù àti igi ìbọn. Sípíríǹgì tí ẹ kò tíì gé yẹn, ẹ jẹ́ kó wà bó ṣe wà.