Ọwọ́ mi ń gbọ̀n: ṣé mo lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń di fláì pẹ̀lú àwọn ṣọ́jà tó ti fẹ̀yìn tì?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Baltimore ni mò ń gbé. Mo wọ iṣẹ́ ṣọ́jà Amẹ́ríkà ní 2010 nípasẹ̀ ètò MAVNI, èyí tí wọ́n fi gba àwa tí a gbọ́ Yorùbá àti àwọn èdè mìíràn tí wọ́n nílò. Mo lọ sí Afghanistan, ibẹ̀ ni ọwọ́ òsì mi ti fara gbọgbẹ́. Ìka méjì níbẹ̀ kò mọ nǹkan lára dáadáa mọ́, ọwọ́ ọ̀tún sì máa ń gbọ̀n bó bá ti rẹ̀ mí. Oorun mi náà kò já geere. Ní ilé ìwòsàn VA, ti àwọn ṣọ́jà tó ti fẹ̀yìn tì, tí mò ń lọ, wọ́n ní kí n dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ kan tó ń kọ́ ara wọn bí wọ́n ṣe ń di fláì, ìdẹ tí wọ́n ń fi ìyẹ́ àti òwú ṣe láti fi pẹja. Mi ò pẹja rí láyé mi. Àgbàlagbà tó ja ogun Vietnam ló pọ̀ jù níbẹ̀, wọ́n sì ní kí n máa pe àwọn lórúkọ. Ìyàwó mi ní eré ọmọdé ni, pé ó sàn kí n gba wákàtí kún iṣẹ́ mi. Ṣé ó tó ohun tí èèyàn ń lọ? Kí ni kí n rà? Ṣé ọwọ́ mi yìí á lè ṣe é? — Ọmọ Ìjẹ̀bú, Baltimore

ÌDÁHÙN: Ẹ lọ, ẹ má sì tíì ra nǹkan kan. Iṣẹ́ tèmi ni láti ran àwọn tí ọwọ́ wọn ti fara pa lọ́wọ́ kí wọ́n lè tún máa de bọ́tìnnì, kí wọ́n lè di okùn bàtà, kí wọ́n lè fi kọ́kọ́rọ́ ṣílẹ̀kùn láìbínú. Nínú gbogbo ohun tí mo ti rí tí wọ́n gbé síwájú irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀, díẹ̀ ló dára tó fláì dídì.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ó jẹ́. Ẹja trout tó wà nínú odò tútù ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kòkòrò ló ń jẹ jù, èyí tó ń rìn lábẹ́ òkúta àti èyí tó ń fò lójú omi. Kòkòrò náà kéré, ó sì rọ̀ débi pé tí ẹ bá fi ìwọ̀ gún un, ó ti fọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi òwú di ìyẹ́, irun àgbọ̀nrín àti wáyà tín-ín-rín mọ́ ara ìwọ̀ títí tí á fi jọ kòkòrò tàbí ọmọ ẹja lójú ẹni tó fẹ́ gbé e mì. Fláì nìyẹn.

Kì í ṣe òní ni wọ́n mú un wọ àárín àwọn ṣọ́jà tó fara pa. Ní 2005, Ed Nicholson, kápútéènì ọmọ ogun ojú omi tó ti fẹ̀yìn tì, lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn Walter Reed ní Washington. Ó rí àwọn ọ̀dọ́ tí ogun Iraq àti Afghanistan ti gé lápá tàbí lẹ́sẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ju okùn ìwọ̀ lórí koríko ọgbà ilé ìwòsàn náà. Ohun tó di Project Healing Waters Fly Fishing nìyẹn, tó ti tàn ká Amẹ́ríkà báyìí. Wọ́n ń kọ́ni ní fláì dídì, okùn jíjù, ọ̀pá ìwọ̀ ṣíṣe àti ẹja pípa fúnra rẹ̀, ẹni tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́ ológun kò sì san kọ́bọ̀. Ẹgbẹ́ tí wọ́n júwe fún yín lè jẹ́ ẹ̀ka rẹ̀, ó sì lè dá dúró. Iṣẹ́ orí tábìlì kan náà ni.

Ó ṣeé ṣe kí Woolly Bugger jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n á gbé síwájú yín. Russell Blessing, ará Pennsylvania, ló ṣe é ní 1967. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì le, nítorí ìwọ̀ rẹ̀ tóbi: nọ́ńbà 6 tàbí 8. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń lọ sókè ni ìwọ̀ ń kéré sí i. Nọ́ńbà 20 lè sọnù sábẹ́ èékánná. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìwọ̀ kékeré fún yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ béèrè ńlá.

Wọ́n á de ìwọ̀ náà mọ́ ẹnu fáìsì kékeré kan, irin orí tábìlì tó ń di nǹkan mú pinpin, kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó gùn dúró gbalaja síwájú yín. Òwú wà lára irin kan tí wọ́n ń pè ní bọ́bìnì, òwú ń gba inú ọ̀pá rẹ̀ tín-ín-rín jáde. Ẹ ó yí òwú lé ara rẹ̀ láti ẹ̀yìn ojú ìwọ̀ títí dé ibi tí ìwọ̀ ti fẹ́ tẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìrù, ìyẹ́ tòlótòló tó rọ̀, dúdú tàbí àwọ̀ ewé gbígbẹ, kí ó gùn tó ẹ̀yìn ìwọ̀ náà.

Ìdí ìrù yìí ni iṣẹ́ gan-an wà. Bí ẹ bá kàn gbé òwú lé ìyẹ́ náà tí ẹ sì fà á, òwú á tì í yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá mú ìyẹ́ náà dúró lórí ìwọ̀. Ẹ gbé òwú gòkè gba àárín ìka méjèèjì, ẹ jẹ́ kó dẹ̀, ẹ mú un sọ̀ kalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì láàárín ìka kan náà. Ìgbà yẹn ni ẹ ó tó fà á sísàlẹ̀ tààrà. Ẹ kò ní fojú rí ibi tí òwú ti mú ìyẹ́. Ìka ló máa sọ fún yín. Ẹni tó bá ti jókòó ti ìyá tó ń fi òwú dúdú kó irun mọ ohun tí mò ń wí: òwú tó dẹ̀ kò ní di irun mú, èyí tó le jù á já tàbí kó mú ọmọ sunkún. Mímọ bí ó ṣe yẹ kí òwú le tó ni ẹ̀kọ́ tó ń mú ọwọ́ padà bọ̀ sípò.

Ìyókù rọrùn. Ẹ di wáyà mọ́ ìdí ìrù, ẹ di orí ìyẹ́ ọrùn àkùkọ mọ́ ọn, ẹ di okùn onírun tí wọ́n ń pè ní chenille mọ́ ọn pẹ̀lú. Ẹ yí chenille wá síwájú, ẹ yí ìyẹ́ àkùkọ lé e pẹ̀lú àyè láàárín, ẹ wá yí wáyà ní ìdàkejì kí ó lè tẹ ìyẹ́ mọ́lẹ̀, kí eyín ẹja má baà já a. Ẹ di orí rẹ̀, ẹ kùn ún ní gọ́ọ̀mù. Gbogbo ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ló máa ń sún nǹkan mọ́ ojú ìwọ̀ jù, tí okùn ìwọ̀ kò wá ní rí ibi wọlé. Ẹ fi àyè sílẹ̀ níbẹ̀ ju bí ẹ ṣe rò pé ó yẹ lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ọwọ́ yín. Ẹ kò sọ èwo ni ìka méjì tí kò mọ nǹkan lára náà. Bí ó bá jẹ́ ìka kékeré àti ti òrùka, kò sí ewu. Àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀lá ló ń mú ìyẹ́, àwọn méjì yẹn kàn ń sinmi ni. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn tó yẹ kó mú ìyẹ́ gan-an ni kò mọ nǹkan lára, ẹ ní kí wọ́n yí fáìsì kọjú sí òdì kejì, kí ọwọ́ ọ̀tún máa mú, kí ti òsì máa gbé bọ́bìnì. Bọ́bìnì kò nílò ìka tó mọ nǹkan lára tó bẹ́ẹ̀.

Ní ti gbígbọ̀n, ẹ jẹ́ kí fáìsì wà ní gíga tí ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì á fi gbé lé tábìlì, kí ẹ tẹ́ aṣọ kíká sábẹ́ wọn. Ẹ má gbé apá sáfẹ́fẹ́. Ẹ fi páálí funfun sẹ́yìn ìwọ̀ kí ojú má baà wá a, ẹ sì fa iná sún mọ́ ọn. Ohun tó wù mí jù lórí tábìlì náà ni pé bọ́bìnì wúwo díẹ̀. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ kó máa rọ̀ dirodiro, ìwúwo rẹ̀ á di òwú mú, iṣẹ́ yín kò sì ní tú. Ìyẹn ni pé ẹ lè dá iṣẹ́ dúró nígbàkúgbà, kí ẹ gbé ọwọ́ lé itan títí gbígbọ̀n á fi rọlẹ̀, kí ẹ padà bá iṣẹ́ níbi tí ẹ fi í sí. Ìwọ̀nba iṣẹ́ ọwọ́ ló ń dúró deni báyẹn. Ẹ sinmi kí ọwọ́ tó rẹ̀ yín, ẹ má dúró dìgbà tó bá rẹ̀ ẹ́.

Ìka tí kò mọ nǹkan lára kì í mọ̀ bí ìwọ̀ bá gún un. Ẹ fi pílíásì tẹ ẹ̀gún kékeré tó wà lẹ́nu ìwọ̀ pẹlẹbẹ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ yẹ ọwọ́ wò lábẹ́ iná tí ẹ bá parí, kí ẹ sì bi dókítà bóyá abẹ́rẹ́ àrùn ipá yín ṣì ń ṣiṣẹ́. Tí ẹ bá fa èéfín ibi tí wọ́n ti ń jó ìdọ̀tí ní ibùdó Afghanistan, tí àyà yín kò sì gba òórùn líle, ẹ béèrè gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi omi pò.

Nípa àwọn bàbá tó ní kí ẹ máa pe àwọn lórúkọ: mo mọ̀ bó ṣe ń rí lẹ́nu ọmọ Yorùbá. Ẹ pe ẹni náà ní Mister, kí ẹ fi orúkọ tó ń jẹ́ tẹ̀ lé e. Àṣà yẹn wà ní Maryland, ẹnikẹ́ni kò ní bínú sí i. Ẹ ó sì rí i pé àwọn àgbà wọ̀nyí kì í gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni láti bá a ṣe é. Tí fláì yín bá wọ́, wọ́n á na abẹ sí yín kí ẹ gé gbogbo rẹ̀ kúrò lára ìwọ̀, kí ẹ tún un dì. Mo ti rí ọkùnrin kan tí ọwọ́ rẹ̀ kan jẹ́ irin, tó ń fi eyín mú ìparí òwú nígbà tó ń di orí fláì. Ẹni tó jókòó tì í ń wò ó, kò na ọwọ́. Ìgbà tó parí tó gbé e fún un ló tó sọ̀rọ̀, ó ní ìrù rẹ̀ gùn jù. Ẹni tí gbogbo ayé ti ń káàánú fún láti ọdún yìí wá nílò kí ẹnì kan sọ fún un pé ìrù fláì rẹ̀ gùn jù. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ lọ sí àárín wọn nìyẹn, dípò kí ẹ dá kọ́ ọ nílé lójú fídíò.

Ẹ lè jókòó síbi tí ẹ ó ti máa rí ilẹ̀kùn. Kò sí ẹni tó máa bi yín léèrè ìdí, nítorí púpọ̀ nínú wọn náà ń wá irú ìjókòó bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó máa ní kí ẹ sọ̀rọ̀ ogun. Ojú gbogbo ènìyàn wà lórí ìwọ̀, ọ̀rọ̀ tó bá fẹ́ jáde á jáde fúnra rẹ̀.

Mi ò ní sọ fún yín pé fláì á wo PTSD, ìdààmú ọkàn tí ogun máa ń fi sílẹ̀ lára ènìyàn, sàn. Àwọn ìwádìí tó wà lórí ẹja pípa àti àwọn ṣọ́jà tó ti fẹ̀yìn tì kéré, àwọn tó kópa nínú wọn kò pọ̀, wọn kò sì tó fi gbà lọ́wọ́ òògùn tàbí olùdámọ̀ràn. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ oorun yìí fún dókítà yín bí ó ṣe rí, ẹ má gé e kúrú. Bí òru kan bá wúwo ju èyí tí ẹ lè dá gbé, ẹ tẹ 988, kí ẹ wá tẹ 1. Ìlà àwọn ṣọ́jà tó ti fẹ̀yìn tì nìyẹn, tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń gbé e.

Ẹ bá mi kí ìyàwó yín. Àníyàn rẹ̀ tọ́, owó ilé kò gbọdọ̀ dúró. Àmọ́ ẹ ní kó tẹ̀ lé yín lọ lẹ́ẹ̀kan, kó rí bí ọwọ́ tí kò lè de bọ́tìnnì ṣe ń di òwú, kó tó pè é ní eré ọmọdé.

Ẹ lo irinṣẹ́ ẹgbẹ́ ní gbogbo ìgbà òtútù. Tí ọkàn yín bá ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí ojú ọjọ́ bá là, fáìsì ni kí ẹ kọ́kọ́ fi owó gidi rà. Ti inú àpótí olówó pọ́ọ́kú máa ń yọ̀, ìwọ̀ á máa mì, ẹ ó sì rò pé ọwọ́ yín ni. Ẹ má ṣa ìyẹ́ ẹyẹ ìgbẹ́ nílẹ̀ nínú páàkì, ó ti lòdì sí òfin Amẹ́ríkà láti 1918 fún ọ̀pọ̀ ẹyẹ tó ń ṣí kiri. Ẹ má sì ní kí wọ́n fi ìyẹ́ àkùkọ ránṣẹ́ láti ilé, kọ́sítọ́ọ̀mù lè gbẹ́sẹ̀ lé e nítorí àrùn adìyẹ.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ dé odò, ẹ ra ìwé àṣẹ ẹja pípa ti Maryland, kí ẹ sì béèrè èyí tó wà fún ẹni tó fara pa lójú ogun. Àwọn bàbá á fẹ́ mú yín lọ sí Gunpowder Falls, ní àríwá Baltimore, níbi tí omi tútù ti ń jáde lábẹ́ ìdídò Prettyboy. Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ mú yín lọ sí adágún tí bluegill, ẹja kékeré kan, wà ná. Trout máa ń fura, bluegill kì í yan oúnjẹ. Ẹnu rẹ̀ kéré, nítorí náà ẹ di Woolly Bugger díẹ̀ sí ìwọ̀ nọ́ńbà 10 kí ọjọ́ náà tó pé, kí ẹ sì wọ awò ojú kí ẹ tó ju okùn.