Ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀: báwo la ṣe ń pa oúnjẹ ọlọ́ràá pọ̀ mọ́ ọtí lára eku lábù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ másítà ni mí ní Gwagwalada. Mo fẹ́ ṣèwádìí lórí ẹ̀dọ̀ tí oúnjẹ ọlọ́ràá àti ọtí jọ bà jẹ́. Wọ́n ní kí n máa po ògógóró mọ́ omi tí àwọn eku ń mu. Ṣé ó máa ṣiṣẹ́? Iná kì í dúró lọ́dọ̀ wa.

Ìdáhùn: Ẹ gbàgbé ògógóró. Agbára ìgò kan kì í bá ti èkejì mu, mẹ́táńọ́ọ̀lù, irú ọtí kan tó jẹ́ májèlé, sì lè wà nínú rẹ̀. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìrèlé, ìpínlẹ̀ Oǹdó, lọ́dún 2015, nígbà tí ògógóró tó ní mẹ́táńọ́ọ̀lù pa àwọn èèyàn. Ẹtánọ́ọ̀lù lábù, ìyẹn ojúlówó ọtí tí a mọ agbára rẹ̀, ni kí ẹ rà.

Pípo ọtí mọ́ omi pàápàá kò tó. Eku kì í fẹ́ mu ún, á dín omi mímu kù, á sì rù. Ìwọ̀nba tó bá mu, ara rẹ̀ á tètè sọ ọ́ nù. Ìdí nìyẹn tí àwọn olùwádìí Lieber àti DeCarli fi po ọtí mọ́ oúnjẹ olómi: ebi ni yóò fi agbára mú eku mutí. Ọ̀nà gidi ni, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ lẹ ó máa po tuntun, ooru oṣù kẹta ní Àbújá láìsí fíríìjì á sì tètè bà á jẹ́.

Ní tiyín, oúnjẹ líle ọlọ́ràá fún oṣù mẹ́ta, kí ọtí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tẹ̀ lé e, ni mo fara mọ́. Ẹ̀lírí, ìyẹn eku kékeré, irú èyí tí wọ́n ń pè ní C57BL/6 ni kí ẹ lò. Akọ ló ń tètè sanra, abo lọtí ń tètè ṣe léṣe. Ẹ mú ọ̀kan, ẹ má pò wọ́n. Oúnjẹ tí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún kálórì rẹ̀ jẹ́ ọ̀rá ni kí ẹ rà. Àwọn kan máa ń da òróró lé oúnjẹ adìyẹ lórí. Kò dáa: èròjà amúaradàgbà àti fítámì á dín kù, àìjẹunre lẹ ó wá máa wò lẹ́yìn náà. Ẹ pààrọ̀ oúnjẹ náà ní ọjọ́ méjì-méjì, torí ọ̀rá rẹ̀ ń yọ́, ó sì ń kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ ọtí, ẹ wọn ẹtánọ́ọ̀lù 95% mílílítà 33.2, kí ẹ fi omi ṣe é pé mílílítà 100. Ó di 31.5% nìyẹn. Máíkírólítà 20 fún gíráàmù ara eku kọ̀ọ̀kan ni ẹ ó fi túùbù fún wọn láti ẹnu dé ikùn, ìyẹn gíráàmù 5 ẹtánọ́ọ̀lù fún kílò kan. Eku gíráàmù 40 á gba mílílítà 0.8. Kí orí túùbù rí roboto. Bó bá kọ̀ láti wọlé, ẹ má tì í, ẹ yọ ọ́ kí ẹ tún un fi sí i. Bí omi bá jáde nímú, ẹ̀dọ̀fóró ló gbà lọ, ẹ yọ eku yẹn kúrò. Ara wọn á tutù, pàápàá nígbà ọyẹ́: ìgò omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí ẹ fi aṣọ wé, ẹ gbé e sábẹ́ àgò. Lẹ́yìn wákàtí 9 ni kí ẹ gba ẹ̀jẹ̀.

Ọ̀wọ́ mẹ́rin lẹ nílò: oúnjẹ lásán àti oúnjẹ ọlọ́ràá, kí ìlàjì ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ọtí, kí ìyókù gba maltodextrin (èròjà afúnnilókun tí kò ní ọtí) 45% ní ìwọ̀n omi kan náà. Gíráàmù ọtí kan ní kálórì 7. Láìsí maltodextrin, ẹ ò ní mọ̀ bóyá ọtí ni tàbí kálórì lásán. Ẹ gba ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí lílo ẹranko kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ wọn ALT àti AST, àwọn èròjà tó ń pọ̀ sí i bí ẹ̀dọ̀ bá bà jẹ́. ALT ni kí ẹ gbára lé ju AST lọ, torí ẹ̀jẹ̀ tó bá ti fọ́ nínú sìríǹjì á gbé AST sókè lásán. Fún Oil Red O, aró tó ń pa ọ̀rá láró pupa, ẹ̀dọ̀ tí ẹ gbé dì ni kí ẹ gé. Èyí tí wọ́n fi páráfíìnì (ìda) ṣe, ọtí àti sáílíìnì (xylene) tí wọ́n fi ṣe é ti fọ ọ̀rá rẹ̀ dànù, ihò funfun nìkan lẹ ó rí. Ẹ má sì retí àpá líle inú ẹ̀dọ̀: ọ̀nà yìí kì í dé bẹ̀.